Àwọn Tó Ń Kanlẹ̀kùn ní Ìdí-Ose

Agogo omi dún láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìgbà kẹta rèé lọ́sẹ̀ kan, Mọ́ládùn sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bẹ́yìn yọ. Ó gbé ife ẹ̀kọ tó ń mu kalẹ̀ sórí fèrèsé, ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì fojú wo àgbá onígíláàsì tí omi tó ń tu ẹ̀rọ ìlú lára máa ń wà nínú rẹ̀; ẹ̀rọ ìlú yìí ni kọ̀ǹpútà ńlá tó so gbogbo ìlú mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlà mẹ́fà ló wà lára àgbá náà. Bọ́ọ̀lù pupa tó léfòó sínú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà kẹta, bẹ́ẹ̀ agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kò tíì lù.

"Ìwọ ẹ̀rọ yìí, ṣé iyọ̀ lo jẹ sùn lánàá ni?" ni ó wí.

Ẹ̀rọ kàn ń kùn lọ ní tirẹ̀ ni, bó ṣe ti ń kùn láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí Mọ́ládùn ti ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọge ọlọ́dún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀rọ yẹn, tó ń fi gèlè dí etí nítorí ariwo. Lónìí, bí ariwo náà bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, oorun kì í kùn ún mọ́. Ó fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ náà, ó gbóná. Ó ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ oòrùn kan dúró níwájú ilé.

Obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ kò lè ju ọlọ́dún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Aṣọ aláwọ̀ omi aró tí àwọn Àjọ Omi, àwọn tó ń ṣọ́ bí ìlú ṣe ń lo omi, máa ń wọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé báàgì kékeré kan lọ́wọ́. Mọ́ládùn mọ ohun tó wà nínú báàgì yẹn. Gbogbo ilé-ẹ̀rọ tó wà lókè odò ló mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," ni àlejò náà wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ìbídàpọ̀ lorúkọ mi. Àjọ Omi ló rán mi wá."

"Káàbọ̀, ọ̀gá kékeré. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá, ẹ ṣé. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí tí agogo yín ń dún kí oòrùn tó mú. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni òfin sọ." Ó tú báàgì rẹ̀, ó gbé èdìdì jáde, irin pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. "Mo ní láti fi di ẹ̀rọ yín pa."

Wọ́n ti di ẹ̀rọ Òkè-Ìrókò lọ́dún tó kọjá, kò sí ẹni tó tún tú u láti ìgbà náà. Wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Ilé Ńlá, ilé-ẹ̀rọ ìjọba létí òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún ìlú náà ní nọ́ńbà. Bí èèyàn bá wá orúkọ Òkè-Ìrókò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, kò ní rí i. Nọ́ńbà ni yóò rí. Nọ́ọ̀sì wọn náà di ẹni tó ń tò sórí ìlà látàárọ̀ kó tó lè bá dókítà sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́," ni Mọ́ládùn wí. "Ìlà mẹ́ta ṣì kù nínú àgbá. Ṣé òfin ò ní kó o dúró títí omi yóò fi tán?"

Ìbídàpọ̀ wò ó. Kì í ṣe ìkà èèyàn, a kàn fi iṣẹ́ rán an ni. "Títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́," ló wí. "Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá kan ìsàlẹ̀ kí agogo mẹ́fà tó lù, mo máa dì í. Bí kò bá kàn án, mo máa kọ ọ́ pé ẹ ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Màmá, kí ló ń mu gbogbo omi yìí? Ìlú yín ò tóbi."

"Wá wò ó."

Mọ́ládùn mú un wọ yàrá iwájú, ó sì tan pátákó ara ògiri. Ìlà ọ̀rọ̀ ń ya lulẹ̀ lójú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ó yára tó bẹ́ẹ̀ tí Ìbídàpọ̀ fi ṣẹ́jú. Ẹnì kan láti Jámánì ń kan ilẹ̀kùn agboolé Alágbẹ̀dẹ. Ẹnì kan láti Kánádà ń kan ti Onírù. Ti Alágbẹ̀dẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti Ajíbóyè láti Bràsíìlì, ti Onírù, ti Onírù, ti Alágbẹ̀dẹ. Nọ́ńbà kan wà lókè pátákó náà: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ní ìṣẹ́jú kan.

"Olè ni?" Ìbídàpọ̀ bèèrè.

"Olè kẹ̀! Ọmọ wa ni. Ẹ̀rọ àwọn ọmọ wa ni." Mọ́ládùn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. "Láyé ìgbà tí lẹ́tà ṣì wà níbí, ímeèlì tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ yìí. Bí fóònù èèyàn bá fẹ́ gba lẹ́tà fún un, yóò kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn agboolé rẹ̀, yóò ní: 'Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ń gbà wọlé? Kọ́kọ́rọ́ wo ni wọ́n ń lò? Ẹ fún mi níwèé ìtọ́nà.' Àwa a sì fún un."

"Lẹ́tà ṣì wà níbí ni?"

"Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí ìjọba ti kó o lọ sétí òkun."

"Kí ni wọ́n wá ń wá?"

"Wọn ò mọ̀ pé ó ti lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n. Bí èèyàn bá ra fóònù tuntun, á da gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Ó ra awòjú tó ń ṣe bíi fóònù, ó dà á sí i. Ó ra ìkòkò ìdáná tó ń dá ronú yẹn, ó dà á síyẹn náà. Ẹnì kan ló rìnrìn àjò kúrò níbí, ohun èlò mẹ́rìnlá ló ń bá a wá lẹ́tà lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé."

Ìbídàpọ̀ fọwọ́ lẹ́rán. Ó ń ronú bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. "Màmá, bí ẹ̀rọ bá bèèrè ohun tí kò sí, tí wọ́n sọ fún un pé kò sí, kì í padà wá mọ́ láàárín ọdún kan. Bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n nìyẹn. Kí lẹ̀yin ń sọ fún wọn?"

Mọ́ládùn fọwọ́ kan ìlà kan lára pátákó, èsì tí ẹ̀rọ ìlú ń fún ẹni tó kanlẹ̀kùn láti Jámánì sì hàn gbangba.

*Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Alágbẹ̀dẹ tó wà ní Jámánì. Ẹ kú òtútù, a gbọ́ pé yìnyín ti bò yín lójúde. Níhìn-ín, òjò rọ̀ lánàá, àmọ́ kò pọ̀, ó kàn pa eruku ni. Igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé yín so lọ́dún yìí, àwọn ọmọdé kò jẹ́ kó pọ́n. Ṣé ara yín le? Ṣé àwọn ọmọ ń gbọ́ Yorùbá? Ẹ má bínú pé lẹ́tà kò sí níbí mọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ yà.*

Ìbídàpọ̀ kà á tán, ó tún un kà. "Ta ló kọ èyí?"

"Bàbá Ọláòṣebìkan, ẹni tó dá ilé-ẹ̀rọ yìí sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́tà lọ, ó ní kò bójú mu kí ọmọ ẹni wá kanlẹ̀kùn, ká má dá a lóhùn. Ló bá kọ́ ẹ̀rọ ní ìkíni. Ẹ̀rọ á wo àsìkò tó wà níbi tí ẹni náà wà, á wo ojú ọjọ́ tibẹ̀ àti tibí, á wo agboolé, á sì hun ìkíni tuntun. Kì í sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ìkíni tuntun níṣẹ̀ẹ́jú kọ̀ọ̀kan!" Ìbídàpọ̀ gbá orí mú. "Kò yẹ kí omi má tán! Bí ẹ sì ṣe kí wọn yẹn, ẹ̀rọ tọ̀hún kò ní mọ̀ pé 'ẹ má bínú' ni 'kò sí', á rò pé ẹnì kan wà nílé. Á tú ìkíni náà wò, kò ní rí ìwé ìtọ́nà níbẹ̀, á ní bóyá òun kò béèrè dáadáa ni, á tún kanlẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà á tún kí i. Màmá, ìwà ọmọlúàbí ló fẹ́ pa yín yìí o." Ó wo ìkíni náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ṣùgbọ́n ó dùn púpọ̀. Ṣé àwọn èèyàn máa ń fèsì?"

"Kò sí ẹnì kankan tó kà á rí," ni Mọ́ládùn wí.

Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú. Wọ́n pè é lọ kẹ́kọ̀ọ́ oṣù kan ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé bí ẹ̀rọ bá gba èsì tó dà bíi "bẹ́ẹ̀ ni", irú bí ìkíni yẹn, kì í fi han olówó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e mì. Mọ́ládùn jókòó ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn, ó dáwọ́ ìwé kíkọ dúró. Gbogbo ìkíni yẹn pátá! Nígbà tó padà dé Ìdí-Ose, Bàbá Ọláòṣebìkan bi í pé kí ló kọ́ ní Ìbàdàn, ó ní wọ́n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń nu eruku ara wáyà. Láti ọjọ́ náà, bí ìgbà bá ti yí, tí ọyẹ́ dé tàbí tí òjò bẹ̀rẹ̀, Bàbá á ti kọ ìkíni tuntun sínú ìwé, Mọ́ládùn á sì lọ gbà á, á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Kò lè ṣe kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ yọ ìkíni yẹn kúrò," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Ẹ fi ìlà kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, pé kò sí. Kí ẹ̀rọ má ronú kankan, kó kàn máa na ìlà kan náà sí gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn. Kó tó di agogo mẹ́ta, wọ́n á ti lọ sùn."

"Mo lè fi tuntun kún un, ṣùgbọ́n n kò lè nìkan yọ ọ́. Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá ló ń ṣí ibẹ̀."

"Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n."

"Ẹ lọ bá wọn nígbà náà. Kí lẹ tún ń rò?"

Ohun tí Mọ́ládùn ń rò kò ṣeé sọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá kò ní gbà láéláé kí wọ́n pa ìkíni náà, àfi tó bá mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Mọ́ládùn ló sì gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Ó gun kẹ̀kẹ́ oòrùn Ìbídàpọ̀ lọ sí abà tí Bàbá ń gbé, ìrìn wákàtí méjì sí ìlú. Lójú ọ̀nà, Ọjọ́bọ̀ ayé àtijọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò máa ń wá sí ilé-ẹ̀rọ. Ọdún ọ̀dá ni, ọ̀dọ́ ń lọ lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí ẹni tó ń kúrò ní Ìdí-Ose láìwá kí wọ́n kọ orúkọ agboolé rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀, kí lẹ́tà ilé lè máa bá a níbikíbi tó bá wà. Àwọn ìyá wọn á tẹ̀ lé wọn wá, òórùn àádùn àti róbó á gba gbogbo yàrá kan. Bàbá Ọláòṣebìkan á jókòó sórí àpótí nítòsí ẹnu ọ̀nà, á máa bi ẹni kọ̀ọ̀kan pé, "Ìwọ ọmọ ta ni?" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ gbogbo wọn. Ẹni náà á dárúkọ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀, Mọ́ládùn á sì máa tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ mélòó kan nínú ọwọ́ ọ̀tún ṣì máa ń dùn ún títí dòní. Áà, ayé yẹn dùn! Ebi ń pani, omi kò sí, ọmọ ń lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn, Mọ́ládùn kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Bàbá Ọláòṣebìkan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, ṣùgbọ́n ó ti mọ ìró ẹsẹ̀ Mọ́ládùn kó tó wọlé.

"Mọ́ládùn! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó lọ́kàn ni. Tọyẹ́ ti ṣe tán o."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Ó kúnlẹ̀.

"Jókòó, jókòó. Gbọ́ èyí." Ó yọ bébà kan nínú àpò agbádá rẹ̀ àtijọ́, ó gbé e súnmọ́ ojú tó ń ríran. "'Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Onírù. Ètè wa ti ń là, òrí la fi ń pa á. Láàárọ̀ yìí, a dáná sí ewé gbígbẹ lẹ́yìnkùlé, gbogbo ilé sì yí i ká, wọ́n ń yáná. A fi àyè yín sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ kan fẹ́ jókòó sí i, a ní kó dìde.' Ṣé ó dáa?"

Omi lé ròrò sójú Mọ́ládùn. "Ó dáa, Bàbá. Ó dáa gan-an ni."

"Apá ibi tí ọmọ ti fẹ́ jókòó yẹn, orí ibùsùn ló ti wá sí mi lọ́kàn." Inú rẹ̀ dùn bíi tọmọdé. "Mú un. Kí ló dé tó ò mú un?"

"Bàbá, wọ́n fẹ́ di ẹ̀rọ wa."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ti omi, ti èdìdì, ti agogo mẹ́fà, ti ìlú tó di nọ́ńbà. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó fi ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ẹ dín àwòrán tí ilé-ìwé ń wò lórí ẹ̀rọ kù."

"A ti dín in kù láti oṣù tó kọjá. Ìkíni ni, Bàbá. Àwọn tó ń kanlẹ̀kùn ti pọ̀ jù, kíkí wọn ló ń mu omi. A ní láti dá a dúró."

"Kí ọmọ wa wá láti ọ̀nà jíjìn réré, kó kanlẹ̀kùn, ká dákẹ́? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ níṣẹ́ nìyẹn, Mọ́ládùn? Tí ojúmọ́ bá mọ́ fún ọmọ kan níbi tí kò ti mọ ẹnì kankan, tó ṣí fóònù rẹ̀, tó rí i pé wọ́n kí òun láti ilé, ṣé o mọ ohun tó máa ṣe fún un?"

Ibi tí Mọ́ládùn ń sá fún nìyí. Ó wo bébà tó wà lọ́wọ́ Bàbá. Ó lè parọ́. Ó lè sọ fún un pé àsìkò ẹ̀rùn nìkan ni wọ́n máa fi dá a dúró. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọláòṣebìkan kò fọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà kò sì fẹ́ fọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Wọn kì í rí i, Bàbá," ló wí.

"Àwọn ta ni?"

"Àwọn ọmọ wa. Ẹ̀rọ wọn ló ń kanlẹ̀kùn, ẹ̀rọ wọn náà ló ń gba ìkíni. Ó máa tú u wò bóyá ìwé ìtọ́nà wà nínú rẹ̀, ó máa dà á nù, ó máa tún padà wá. Kì í fi han èèyàn."

Adìyẹ kan wá ń ṣa èèpo ẹ̀gúsí lẹ́bàá ẹsẹ̀ Bàbá, kò lé e.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Bàbá."

"Láti ọdún mọ́kàndínlógún."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti Ìbàdàn dé. Ọdún mẹ́jọ."

"Ọdún mẹ́jọ! O sì ń wá síbí, ò ń gba ìwé lọ́wọ́ mi, ò ń ní ó dáa."

"Ó dáa ni, Bàbá. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kò sí èyí tí mo fò. Èmi kà wọ́n." Ó tún kúnlẹ̀. "Gbogbo wọn ni mo kà. Àwọn míì wà tí mo mọ̀ lórí."

"Ìwọ nìkan."

"Èmi nìkan, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

Bàbá Ọláòṣebìkan ká bébà náà sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó sì tì í bọ àpò. Kò wo Mọ́ládùn. Ó nawọ́ wá ọ̀pá rẹ̀, ó fi dìde, ó ní, "Ká lọ. Orúkọ Ìdí-Ose kò ní tìtorí ẹnu mi tó gùn di nọ́ńbà." Ó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ oòrùn náà, Mọ́ládùn sì wà á padà sí ilé-ẹ̀rọ.

Bọ́ọ̀lù pupa ti kọjá ìlà karùn-ún nígbà tí wọ́n wọlé. Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀ kí Bàbá, Bàbá dá a lóhùn, wọ́n sì fà á lọ́wọ́ lọ síwájú pátákó. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ibi tó yẹ. Ọwọ́ náà ti rún débi pé ẹ̀rọ kò tètè dá a mọ̀, ó gbé e lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ìkíni ṣí.

"Kí ni ká kọ, Bàbá?" ni Mọ́ládùn bèèrè. "Ìlà kan péré ni. A lè fi 'ẹ jọ̀wọ́' sí i."

"Kọ ọ́ pé kò sí lẹ́tà níbí mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni?"

"Ta ló fẹ́ máa bẹ ẹ̀rọ? Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. *Kò sí lẹ́tà níbí mọ́.* Ó tẹ bọ́tìnnì, agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán sì kọjá díẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kò sí ohun tó yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà orí pátákó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Nígbà tí agogo mẹ́ta lù, ó ti di ẹgbẹ̀ta. Kò pẹ́ ó di ogójì. Ìbídàpọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Bọ́ọ̀lù pupa dúró díẹ̀ sókè ìsàlẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ariwo ẹ̀rọ náà rọlẹ̀, ó rọlẹ̀, ó wá ku bí èémí ẹni tó sùn.

Mọ́ládùn kò lè dúró sínú yàrá yẹn. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì sunkún. Ìlú ti là, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń lé àwọn ọmọ ẹlòmíì padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn agboolé tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sínú fóònù wọn, òun náà ló tún fọwọ́ ara rẹ̀ sọ fún wọn pé kò sí. Nígbà tó nu ojú wọlé, Bàbá ṣì jókòó síwájú pátákó tó ti dákẹ́, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún rẹ̀. Ìbídàpọ̀ bu omi fún un, kò mu ún.

Ó ti ń lọ sí agogo márùn-ún ààbọ̀ nígbà tí fèrèsé kékeré kan ṣí nígun pátákó. Mọ́ládùn kò tètè dá a mọ̀. Fèrèsé àlejò ni, ibi tí èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí bó bá fẹ́ bá olùtọ́jú ilé-ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ó ti tó ọdún méjìlá tí ẹnikẹ́ni ti kọ nǹkan síbẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Kí ló wí?" Bàbá bèèrè. "Kà á fún mi."

Mọ́ládùn kà á. *"Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi ni Morẹ́nikẹ́. Jámánì ni mo wà. Mo ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ ni ìkòkò mi dákẹ́, ó ní òun ní ìròyìn búburú, pé kò sí lẹ́tà mọ́ ní agboolé Alágbẹ̀dẹ, Ìdí-Ose. N kò mọ̀ pé ó ń bèèrè. N kò mọ̀ pé orúkọ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣé ìlú ti tú ni? Ṣé ẹnì kankan ṣì wà níbẹ̀?"*

Ìbídàpọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ló ń wí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó ti kọ́ tipẹ́. "Bí wọ́n bá sọ fún ẹ̀rọ pé ó wà, ẹ̀rọ á gbé e mì. Bí wọ́n bá sọ fún un pé kò sí, ó gbọ́dọ̀ lọ jíṣẹ́ fún olówó rẹ̀. Màmá, ẹ wò ó!"

Òmíràn ti wọlé. Láti Bràsíìlì ni, ẹnì kan tó ní bàbá òun ti kú, orúkọ Ajíbóyè sì wà nínú awòjú tí bàbá náà fi sílẹ̀ fún òun, ta ni Ajíbóyè? Òmíràn láti Kánádà: *Ẹ dákun, ẹ dáhùn.* Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìbídàpọ̀ sáré lọ wo bọ́ọ̀lù. Kò mì. Ọ̀rọ̀ èèyàn fúyẹ́ lórí ẹ̀rọ.

"Bàbá," ni Mọ́ládùn wí, "ṣé kí n tẹ tọyẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí Morẹ́nikẹ́? Èyí tẹ́ ẹ kọ. Èèyàn ló máa kà á lọ́tẹ̀ yìí."

Bàbá Ọláòṣebìkan fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ó yọ bébà náà dé ìdajì, ó sì dá a padà.

"Rárá," ló wí. "Ẹ̀rù ń ba ọmọ yẹn. Sún mi mọ́ bọ́tìnnì. Èmi ni màá tẹ̀ ẹ́."

Mọ́ládùn ti àga rẹ̀ síwájú. Bàbá ń fi ìka kan wá álífábẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, Mọ́ládùn kò sì ràn án lọ́wọ́ nítorí ó mọ̀ pé kò fẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: *A wà níbí. Ìwọ ọmọ ta ni?* Ó fi ránṣẹ́.

Wọ́n dúró. Aago ara ògiri lu mẹ́fà. Ìbídàpọ̀ wo àgbá, ó wo èdìdì ọwọ́ rẹ̀, ó tì í bọ báàgì, ó sì padà wá dúró sẹ́yìn àga Bàbá bí ẹni tó gbàgbé pé iṣẹ́ òun ti parí.

Èsì dé. *Ọmọ Ṣówándé ni mí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí a kúrò. Ó kú nígbà tí mo wà ní ọdún méje. N kò mọ̀ ọ́n dáadáa.*

Bàbá Ọláòṣebìkan gbé ojú tó ń ríran súnmọ́ pátákó, ó kà á fúnra rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó nu ojú náà pẹ̀lú etí agbádá. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó ti hun ìkíni fún gbogbo ayé láti ọdún mọ́kàndínlógún wá tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, ó sì pẹ́ gan-an kó tó tẹ̀ ẹ́ tán.

*Mo mọ bàbá rẹ.*